Ọmọ Àdàbà Méjì Ojú Fèrèsé Opó

Orúkọ àdàpè kan wà tí mo sọ àbúrò ọkọ mi obìnrin lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ ní Ìwó, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. N ò ní kọ ọ́ síbí. Orúkọ oyin ni, kò sì tọ́ sí i mọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo wọlé opó bí ẹ̀sìn wa ti wí: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, n ò gbọdọ̀ jáde síta. Àbúrò ọkọ mi yìí ló wá di ojú mi àti ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń lọ sọ́jà, òun ló ń dáná, òun ló ń ròyìn ìta fún mi. Ohun tó bá sọ ni mo gbà. Ta ni n ó tún bi?

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí àdàbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi wẹ́wẹ́ sórí irin fèrèsé mi. Ìtẹ́ jákujàku! Mo ní, "Ìwọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nílùú yín nìyẹn?" Ó yé ẹyin méjì. Akọ a sàba lọ́sàn-án, abo a gbà á nírọ̀lẹ́. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ tí ẹyin pa, mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú.

Mo bẹ àbúrò ọkọ mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi fò."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ọjọ́ tó ṣáájú àdúà ogójì, ó ní kí n bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n lè gbá yàrá mi. Nígbà tí mo padà, ojú fèrèsé mọ́ tónítóní. Irin nìkan ló kù.

"Ológbò ni," ó ní. "Wàláhì, ojú mi báyìí ló ṣe gbé wọn."

Mo sunkún, ó bá mi sunkún. Nírọ̀lẹ́ ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá. Ẹran inú rẹ̀ rọ̀, eegun rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó ní àparò ni, pé ọ̀dọ̀ ọdẹ kan lọ́nà Kuta lòun ti rà á. Mo jẹ ẹ́, mo fa eegun rẹ̀ mu. Mo tún ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe opó láéláé.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé náà, mo gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò wa níta pé, "Opó tó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀! Wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo kúkú sè wọ́n fún un. Ó jẹ wọ́n, ó tún fọwọ́ nu àwo." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Háà! Ẹni tí a ní kó kíni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́! Mo bì títí inú mi fi gbẹ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó bá mi sunkún.

Mo wá ń ro ojú tó fi búra. Mo ti rí ojú yẹn rí. Ní ọsibítù ni, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ mi kú. Àbúrò ọkọ mi jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní kí n lọ sílé lọ wẹ̀, pé ara aláìsàn ti balẹ̀, kò bèèrè ẹnikẹ́ni. Mo lọ. Kí n tó padà, ẹ̀mí ti bọ́.

Nígbà tó gbé oúnjẹ wọlé, n ò bi í léèrè ẹyẹ. Mo ní, "Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ní ọsibítù, ṣé ọkọ mi bèèrè mi?"

Mo retí kó búra. Ó wolẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ó ní. "Mo rò pé o ò ní lè fara dà á."

Ó gbé àwo síwájú mi. Ó ku oṣù mẹ́ta ó dín díẹ̀ kí n tó jáde opó, ọwọ́ rẹ̀ náà ni mo sì ń wò fún oúnjẹ.