Abẹ Mẹ́wàá Tó Wà Nínú Agolo

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kàn ní kó da nǹkan nù. "Ó ṣì wúlò" ni yóò wí, òun la ṣe ń pè é ní Ó-Ṣì-Wúlò lẹ́yìn rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti pá lórí ṣì wúlò. Bàtà ẹsẹ̀ òsì, tí ọ̀tún rẹ̀ ti sọnù kí n tó jáde ilé ìwé, ṣì wúlò. Èmi àbúrò rẹ̀ nìkan lẹ̀gbọ́n mi ò tíì rí ohun tí mo wúlò fún.

Aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, làwa méjèèjì ń ṣe ní yàrá iwájú ilé wa. Òun ń gé, èmi ń rán. Abẹ róbótó kan tó ń yí bíi táyà lórí ọwọ́ ìdìmú ló fi ń gé e, á gbé rúlà lé aṣọ, á sì yí abẹ náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Nígbà tí abẹ yẹn mú, aṣọ mẹ́fà tá a tò léra, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kọjá lórí wọn. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Báyìí, ó ń já fọ́nrán kan, ó ń fo mẹ́ta. Kí ègé kan tó kúrò lára èkejì, ẹ̀gbọ́n mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí tábìlì.

Abẹ tuntun ńkọ́? Mẹ́wàá wà nínú agolo bisikíìtì láti ọdún mẹ́rin. "Iṣẹ́ pàtàkì ni mo fi wọ́n pa mọ́ fún," ló máa ń wí. Ẹni kan wá sọ fún un pé téèyàn bá fi abẹ tó kú gé fóìlì, á mú padà. Ó gé fóìlì títí tá ò fi rí èyí tá a máa fi bo oúnjẹ. Ó pọ́n ọn lórí òkúta, ó fi sáńpépà ha á, mo tún bá a lọ́jọ́ kan tó ń fi í ra ìdí àwo. Abẹ wá hu eyín bí ayùn.

"Ó ti mú," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú máa fi eyín tiyín gé e."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí tíṣà kan fi wọlé. Ọkọ obìnrin náà kú lọ́dún tó kọjá. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ márùn-ún wá, ká fi wọ́n ṣe aṣọ ìbora fún ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fọwọ́ pa àpò àyà ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpò yìí sáàárín. Ẹ má gé e o. Inú ẹ̀ lọmọ náà ti máa ń rí súìtì tí bàbá ẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bí obìnrin náà ṣe jáde báyìí ni mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pààrọ̀ abẹ yìí. Bí èyí ò bá ṣe iṣẹ́ pàtàkì, èwo ló kù?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo kọ́ ẹ ni? Ó ṣì wúlò."

Ó gbé rúlà lé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi gbogbo ara tẹ abẹ. Abẹ kọ̀, kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ni abẹ bá fo rúlà, ó sì fa àpò náà ya láti ẹnu títí dé ìdí.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń to èébú jọ de irú ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ fò lọ.

Ó lọ gbé agolo. Ó ki abẹ tuntun bọ ọwọ́ ìdìmú náà, ó dán an wò lórí àkísà, abẹ náà kàn ń fi aṣọ ṣeré ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n parọ́, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn díẹ̀.

"Ṣé o rí i? Àwọn tuntun gan-an ò dáa!"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì tó de abẹ mọ́ ọwọ́ ìdìmú. Abẹ méjì ni mo bá níbẹ̀! Epo tí wọ́n fi pa wọ́n láti ilé iṣẹ́ ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ìyẹn ni wọn ò fi lè gé aṣọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti pẹ́ tó ti lo tuntun débi pé kò mọ̀. Ahun tí kò lè yọ abẹ kan fún aṣọ ló wá yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

Mo yọ ọ̀kan kúrò. Èyí tó kù gé àkísà náà wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó sì jókòó. "Ọdún mẹ́rin," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìdí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà la ti gé aṣọ tá a fi ti àpò náà lẹ́yìn. Mo rán ojú ibi tó ya pọ̀, àmọ́ àpá ò ṣeé fi pa mọ́. Nígbà tí tíṣà dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, mà. Abẹ tuntun wà nílé, mi ò lò ó. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà tẹ́ aṣọ ìbora náà sórí tábìlì. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò náà, ó tẹ ìdí rẹ̀ wò. Ó wá tú báàgì rẹ̀, ó mú súìtì kan, ó jù ú sínú àpò, ó sì gbé aṣọ ìbora náà dúró. Súìtì náà ò já bọ́.

"Ó ṣì wúlò," ló wí.

Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ tá a ń pe ẹ̀gbọ́n mi fún un rí. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Èmi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ láti kékeré, mi ò lè rẹ́rìn-ín.