Àwòrán Olójú Méjì Bàbá Karel

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ilé gogoro kan ní Weston ní Kánádà, orúnkún mi mọ táìlì pálọ̀ wa dáadáa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti kúnlẹ̀, tẹ́ ẹ nápá sókè rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: mo fẹ́ràn àwòrán yíyà.

Ayàwòrán ni bàbá mi fúnra wọn rí. Ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn ni wọ́n ń yàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún. Ọjọ́ tí wọ́n ya ọ̀gágun tó ń ṣèjọba síbi tó ti jókòó lé ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ìlú, sójà wá gbé wọn. Nígbà tí wọ́n jáde látìmọ́lé, a sá wá sí Kánádà, wọn ò sì fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́. Wọ́n á ní, “Àwòrán ló gbé mi dé àtìmọ́lé. Kò ní gbé ọmọ mi débẹ̀.”

Èmi ò gbọ́. Ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n bá ti lọ síṣẹ́ ní Bolton, ilé Bàbá Karel tó kọjú sí tiwa ni mò ń sá lọ. Arúgbó ayàwòrán, ará Czech ni. Ilé wọn ń rùn fún tápẹ́ńtáìn tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì àti kéèkì eléso, mo sì fẹ́ràn méjèèjì. Wọ́n ní láyé ìjọba Kọ́múníìsì nílùú wọn, àwòrán òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín ni ìjọba ń gbé kọ́. Ẹni tó bá ya òótọ́, pálọ̀ ọ̀rẹ́ ló máa gbé e sí, wọ́n á fa kọ́tìnnì, àwọn èèyàn á yọ́ wá wò ó. Inú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń rántí pé Czech làwọn. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ jáde síta gbangba.

Sátidé kan, bàbá mi tètè dé. Yéè! Wọ́n bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kí wọ́n tó fà mí létí, Bàbá Karel gbé àwòrán kan wá: àgbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lórí katakata. Wọ́n wá yí i padà. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ya àgbẹ̀ náà sí, ọkọ̀ ogun àjèjì kún títì Prague, olú ìlú wọn, ìyá àgbà kan sì dúró gbọn-in níwájú wọn.

Bàbá mi wò ó títí, ni ẹkún bá gbọ̀n wọ́n. Wọ́n ní, “Èmi sun tèmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dáná sun gbogbo ẹ̀, kí sójà má bàa rí i.” Àánú wọn ṣe mí débi tí mo gbàgbé pé etí mi wà nínú ewu. Bàbá Karel ò pẹ̀ wọ́n rárá. Pẹ́ńsù ni wọ́n nà sí bàbá mi: “Ó yá, tún un yà.”

Láyé ìgbà yẹn, ìkúnlẹ̀ ni èrè àwòrán. Lónìí, ọmọbìnrin mi ń ya tiẹ̀ lórí fóònù, tí mo bá fi Yorùbá pè é, á ní, “Daddy, one minute.” Kò sí ìbẹ̀rù sójà kankan lọ́kàn ẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀, mo máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, kó lè rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ àwòrán tí wọ́n padà sí. Bàbá Karel ti kú. Ojú bàbá mi náà ti di bàìbàì. Nínú àwòrán tí wọ́n sun, ó ku mọ́kànlá tí wọn ò tíì tún yà. Wọ́n ní kí ikú ṣì dúró ná.