Bí Wọ́n Ṣe Pín Ẹ̀rọ Bọ́ọ̀lù Bàbá Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogún ṣe ń ba ilé jẹ́, kó béèrè lọ́wọ́ Sàídì, ẹ̀gbọ́n èmi Kúbúrá, tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Mi ò ní pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Olóríkunkun ni, kì í sì í tètè dá oníbàárà lóhùn.

Ní 1979, bàbá wa ra ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń kó padà sílé. Kì í ṣe irú èyí tó ń gbowó nílé ọtí. Ti inú pálọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kò ní ihò tí wọ́n ń sọ owó sí. Bọ́ọ̀lù irin á máa sáré lábẹ́ gíláàsì, apá kékeré méjì á máa gbá a padà. Kò ṣiṣẹ́ nígbà tó dé. Sàídì ló jí i dìde. Ó fọwọ́ wé wáyà kọ́pà tó ń fa apá rẹ̀, ó gé rọ́bà kẹ̀kẹ́ dípò èyí tó ti gbó.

"Sàídì, tìẹ ni tí mo bá lọ," ni Bàbá wí. Èmi àti ìyá wa nìkan la gbọ́.

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn àgbà ilé fi ìdí-igi pín ogún: ìdajì fún ọmọ Àṣàkẹ́, ìyá wa, ìdajì fún ọmọ Èjìdé, ìyàwó kejì. Ẹ̀rọ bọ́ sọ́wọ́ Sàláúdéènì, ọmọ Èjìdé. Ṣùgbọ́n tìràǹsfọ́mà rẹ̀, àpótí irin tó ń dín agbára iná wa kù fún un, torí iná Amẹ́ríkà ò le tó tiwa, wọ́n kà á sí ẹrù ọ̀tọ̀. Wọ́n gbé e fún wa!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà wọ́n," Sàídì bẹ̀ wọ́n. "Ẹ kúkú kó méjèèjì fún un."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín ogún ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí náà lọ bá Sàláúdéènì fúnra rẹ̀. Ìyẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá gbà á, lọ́la ẹ ó ní a jọ ni ẹ̀rọ ni."

"Iná á jó o."

"Ẹ jẹ́ kó jó o."

Sàláúdéènì ki wáyà rẹ̀ bọ iná tààrà. Èéfín la rí. Pátákó kan ṣoṣo tí gbogbo ọpọlọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀ jóná, kò sì sí irú ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ni Sàláúdéènì bá ní Sàídì ló fi nǹkan sí i! Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi Kùránì búra níwájú gbogbo ilé, ó sì búra. Inú ṣì ń bí mi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé òkú ẹ̀rọ náà fún Sàídì, pé ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó má ráhùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.