Orúnkún Ramiro Ubilla

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fèyísọ́lá Adéníjì ti fi ń tọ́jú oríkèé àti iṣan, mẹ́jọ n'Íbàdàn, mọ́kànlá ní Dallas. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe kó tó lè gba láísẹ́ǹsì. Títí tó fi yege, àwọn arúgbó ló ń wẹ̀ fún, tó ń wọṣọ fún, nílé ìtọ́jú kan ní Pleasant Grove, àdúgbò kan ní Dallas. Ibẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kó bínú lọ́jọ́ tí Ramiro Ubilla wọ kílíníìkì wọn ní Lake Highlands, tó ní òun ò fẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Ará Chile ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúnkún onírin sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni. Jessica, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fi ọkọ̀ gbé e wá.

"Ẹ má bínú," ni Jessica wí. "Ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n nílé. Wọn ò tíì gbà pé ó ti tán."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ òsì, sà," ni Fèyísọ́lá wí. "Ìyẹn ò ṣe iṣẹ́ abẹ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá náà láìròtẹ́lẹ̀. Ó na ẹsẹ̀.

Bí orúnkún náà ṣe ń rọ̀ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Apẹja ni bàbá tó bí i. Orí iyanrìn etí òkun ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, láìwọ bàtà. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan mú un lọ sí Santiago. Láàárín ọdún méje, góòlù mọ́kànléláàádóje ló gbá wọlé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ ọmọ wọn ní Ramiro.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní: "Ẹgbẹ́ mi àtijọ́ fẹ́ bu ọlá fún mi lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rìn láti àárín pápá dé ìdí òpó góòlù láìmú ọ̀pá. Ṣé á ṣeé ṣe?"

"Rárá, sà. Ẹ ó mú ọ̀pá. Ìdajì ibẹ̀ lẹ sì máa lè rìn."

Ramiro wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n retí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò yọjú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Fèyísọ́lá ní ọ̀ràn tirẹ̀ nílé. Ṣemílọ́rẹ, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń gba iwájú fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé wọn. Orúnkún rẹ̀ ti yí, àṣekágbá sì di Sátidé. Àwọn yunifásítì tó ń wá agbábọ́ọ̀lù máa rán èèyàn wá. Kóòṣì wọn pe Fèyísọ́lá lórí fóònù.

"Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́ yìí. Ẹ ṣáà kọ lẹ́tà pé ara ẹ̀ ti yá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni màá jẹ́ kó gbá."

Fèyísọ́lá mọ̀ pé orúnkún náà ò tíì san. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ó kọ ìlà méjì.

Ní Tọ́sìdeè, Ramiro padà wá.

"Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó bí mi nínú," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Láàárọ̀ àṣekágbá, orúnkún mi wú bí búrẹ́dì. Dókítà ẹgbẹ́ mú abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora dé. Mo bi í pé ṣé kò léwu, ó ní kò sí wàhálà. Mo gbá méjì wọlé, wọ́n gbé mi léjìká yí pápá ká. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá péré ni mo tún gbá lẹ́yìn ìyẹn ní gbogbo ayé mi. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi, kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Ká ní wọ́n sọ fún yín, ṣé ẹ ò bá jókòó?"

Bàbá náà gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Bóyá ǹ bá ṣì gbá a. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ ohun tí mò ń fi sílẹ̀."

Nígbà tí Fèyísọ́lá délé nírọ̀lẹ́, ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Ó ya àwòrán orúnkún fún Ṣemílọ́rẹ lórí bébà, ó sì fi ibi tó ya hàn án.

"Mi ò ní kọ lẹ́tà tí kóòṣì yín fẹ́."

"Mom, it's one game!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ṣemílọ́rẹ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ló wà ní Sátidé tí wọ́n fi na ẹgbẹ́ wọn. Àwọn òbí kan ò kí Fèyísọ́lá. Kò sí yunifásítì kankan tó béèrè ọmọ rẹ̀. Ó wakọ̀ lọ sílé pẹ̀lú iyèméjì lọ́kàn.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Jessica fi fídíò ránṣẹ́ láti Santiago. Ramiro wọ pápá tòun tọ̀pá, ó rìn dé ìdajì, ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Gbogbo èèyàn dìde. Orúnkún ni Fèyísọ́lá ń wò ní tiẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń gbé ara.

Ṣemílọ́rẹ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ta nìyẹn?"

Ìyá rẹ̀ sọ gbogbo ìtàn náà fún un, tòun ti abẹ́rẹ́. Ọmọ náà béèrè bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Kò bá a jiyàn. Ṣemílọ́rẹ fa ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí ó tan fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i.