Nọ́ńbà Tí Ọkọ Mi Ní Kí N Wá

Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ntoum. Libreville tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, àmọ́ Yorùbá ló máa ń fi bá mi ṣeré. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mò ń bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, ó wá jókòó tì mí.

"Wá nọ́ńbà kan fún mi tó ní fígọ̀ márùn-ún. Fígọ̀ àkọ́kọ́ ni kó sọ iye òdo tó wà nínú rẹ̀, ìkejì ni kó sọ iye ení, ìkẹta iye èjì, ìkẹrin iye ẹ̀ta, ìkarùn-ún iye ẹ̀rin. Kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ara rẹ̀ o."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò sọ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ló ṣubú níwájú kíláàsì. Kí wọ́n tó gbé e dé Libreville, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní ká ṣì máa wò ó ná.

Nígbà tí àdúrà tán lẹ́nu mi, mo mú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo fi ení síwájú, ó bàjẹ́. Mo fi ẹ̀ta síwájú, ó tún bàjẹ́. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àyè márùn-ún péré ló wà, nítorí náà bí mo bá ro gbogbo fígọ̀ náà pọ̀, márùn-ún ló gbọ́dọ̀ jẹ́. 21200. Òdo méjì, ení kan, èjì méjì, kò sí ẹ̀ta, kò sí ẹ̀rin.

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Obìnrin Nàgó tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì dìde fùú.

"Ṣé bàbá ti sọ̀rọ̀ ni?"

Mo na bébà náà sí ọkọ mi. "Ẹ wò ó, mo ti rí i." Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì fi nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó ti wà nílé báyìí. Ó mọ̀ mí, ó mọ oúnjẹ, àmọ́ kò mọ iye ọmọ tó bí mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.