Omi Àlùwàlá Bàbá

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti mọ Bàbá, ní Port Harcourt, láyé ìgbà tí ṣọ́jà ń ṣèjọba. Fọkanáísà ni wọ́n ń ṣe ní Rumuokwurushi. Ọlọ́pàá bá táyà olè ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Bàbá ò sì rántí ẹni tó gbé e wá fún lílẹ̀. Èmi ní tèmi, mo jí bátìrì ọkọ̀ ọ̀gá mi ní Woji. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo jí i. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ mo mọ̀ pé olè ò dáa. Kò sí ẹni tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ nínú wa. À ń dúró ni, gbogbo èrò sẹ́ẹ̀lì wa.

Ará Kwara ni Bàbá, èmi sì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Pidgin ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń sọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀fọn jẹ mí, mo sì bú u ní Yorùbá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín nídìí ògiri.

"Sún mọ́ ibí, ọmọ mi," Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀fọn ibí ò gbọ́ Yorùbá. Pidgin ni kó o fi bú u."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń sùn létí ẹní wọn nìyẹn.

Wọ́n ní kẹ́tù ike aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyàwó wọn ló gbé e wá fún wọn. Àwọn tó lè torí igi ìṣáná kan ja ìjà ẹ̀jẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan kẹ́tù náà. Igiripá kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ló ti kìlọ̀ tipẹ́ pé, "Na God water be dat. Make nobody touch am."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀rọ omi ọgbà wá dákẹ́. Ọjọ́ kìíní, a ṣe àwàdà sí i. Ọjọ́ kejì, a kàn ń wo ara wa ni. À ń gbóòórùn odò láti ojú fèrèsé, omi iyọ̀ tí kò ṣeé mu, bẹ́ẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́dà ń gbé wá fún gbogbo wa láàárọ̀. Tá a bá bi í léèrè, á ní, "Tomorrow." Bàbá ń ṣún omi tiwọn lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń da omi sí ọwọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí ojú, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹsẹ̀, wọ́n á sì dé kẹ́tù wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Àìlá tán, oorun gbé Bàbá lọ. Ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní ẹnu kan péré ni màá mu. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, kẹ́tù ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá dà á dùbúlẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé ó ṣubú ni.

Bàbá jí nígbà tí Alásárì ku díẹ̀. Wọ́n mi kẹ́tù náà wò.

"Ta ló da omi mi nù?"

"Bóyá ẹni tó ń kọjá ló fẹsẹ̀ gbá a, Bàbá."

Wọ́n wo ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì gbẹ táútáú. Wọ́n wò mí.

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ kúkú fi yẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀sìn gbà wá láàyè."

"Tá a bá wá omi tí a ò rí ni ti yẹ̀pẹ̀," ni Bàbá wí. "Mi ò tíì wá a."

Àsìkò náà ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún wa láti gba atẹ́gùn. Bàbá mú kẹ́tù, wọ́n kọrí sí ilé ìdáná ní ìkángun ọgbà, níbi tí dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ wà. Èmi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì. Ojú ń tì mí láti tẹ̀ lé wọn.

Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn kan ti ń fi abọ́ lu irin. Wọ́dà kan na kóńdó sí ọ̀kan nínú wọn, abọ́ sì fò bá wọ́dà náà lójú. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ọgbà dìde. Wọ́n ń jálẹ̀kùn, wọ́n ń ju òkúta, èéfín sọ nínú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni ìbọn dún láti orí ògiri. Mo dojú bolẹ̀. Ó dún, ó dún, mo rò pé kò ní dákẹ́ mọ́.

Nígbà tó rọlẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ pọ̀. Mi ò kà wọ́n. Bàbá wà lára wọn, nítòsí ilé ìdáná, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọjú sí. Kẹ́tù wà lọ́wọ́ wọn. Omi ṣì kù nínú rẹ̀.

Rédíò sọ pé àwọn tó fẹ́ já géètì ló kú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀gá mi ò wá sí kóòtù mọ́, wọ́n sì dá mi sílẹ̀. Mo wádìí ìyàwó Bàbá dé ọjà Creek Road, níbi tó ti ń ta òrí àti kánhún. Ẹni tó júwe rẹ̀ fún mi ní àwọn ará ìlú wọn ò yọjú sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣàdúrà fún ẹni tó kú sídìí jàgídíjàgan.

Èmi nìkan ló mọ ohun tí Bàbá wá lọ. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ kí n má sọ ẹni tó mu omi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, òrí ni mo rà, mo padà sílé. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá wò mí lójú.

"Àbúrò, òrí yìí, ṣé ò ń fi jẹ̀bà ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: omi, kẹ́tù tí mo dà dùbúlẹ̀, sìmẹ́ǹtì tó gbẹ. Oníbàárà kan dé láàárín ọ̀rọ̀, Ìyá dìde bu kánhún fún un, ó sọ fún un pé, "Thank you, my sister," ó tún jókòó.

"Omi yẹn," ó ní, "ṣé ó tó ọ?"

"Kò tó mi, Ìyá."

Ó da aṣọ bo ọjà rẹ̀. "Òní ni Jímọ̀. Dìde. Tá a bá dé mọ́ṣáláṣí, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí ni wàá sọ ọ́. Má yọ omi kúrò níbẹ̀ o."

Mi ò yọ ọ́. Àwọn àgbà ìlú wọn ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo fi máa parí, gbogbo wọn ti gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ sọ fún Ìyá pé àwọn ń bọ̀ nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wá ṣàdúrà fún Bàbá.

Bá a ṣe ń padà, mo bi Ìyá bóyá kémi náà wá.

"Ìwọ?" Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Má tíì wá."

Mi ò lọ. Tí mo bá ń kọjá ní Creek Road, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó máa ń dáhùn.