Kọ̀ǹpútà Méjì Nínú Ilé Dádì ní Ìlíṣàn

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìlíṣàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé iná lè gbé mi. Ẹ̀rù pé mo lè kùnà lójú ẹni tó gbà pé mo mọ nǹkan ni. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, síbẹ̀ oúnjẹ ilé yìí ni mò ń jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, bàtà mi ni mo máa ń wò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọ tó wà nílùú náà. Kọ̀ǹpútà Windows rẹ̀ wà ní pálọ̀, príńtà sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fi kọ̀ǹpútà Macintosh tuntun ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ó rí rogodo bí ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Inú yàrá ìkàwé ló gbé èyí sí, orí rẹ̀ ló sì ti ń tẹ ìwé tó ń kọ nípa òwò obì ní Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n Macintosh náà kò ní ojú ihò tí a lè ti dískì bọ̀, okùn príńtà wa kò sì wọ ibì kankan lára rẹ̀. Ìwé wà nínú ọ̀kan, príńtà wà lára èkejì.

Dádì ní, “Yàrá kọ̀ǹpútà tiwa níléèwé ní irú méjèèjì yìí. Wọn ò tíì rí ẹni tó lè mú wọn bá ara wọn ṣe. Tí o bá ti lè ṣe tilé yìí, mo máa mú ẹ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ń wá èèyàn. Ṣé wàá lè ṣe é?”

“Mo lè ṣe é, sà.”

Ìyàwó rẹ̀, Mọ́mì, ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Ó ní, “Ẹnu ẹ yá ju ọwọ́ ẹ lọ.”

Òótọ́ ni. Mo ṣí àpò fáìlì sílẹ̀ lórí Macintosh kí ẹlòmíì lè wọ̀ ọ́. Mo sáré padà sí pálọ̀, mo wo ibi tí Windows ti máa ń fi àwọn aládùúgbò rẹ̀ hàn: ara rẹ̀ nìkan ló rí. Mo yẹ wáyà wò. Iná wẹ́wẹ́ ara àpótí tó so wọ́n pọ̀ ń tàn. Mo fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mo ní kí Windows pe nọ́ńbà Macintosh, Macintosh sì dáhùn. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn, àpò fáìlì ló kọ̀ láti yọjú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ì bá sàn fún mi kó jẹ́ pé wáyà ló já.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́. Ẹni tó bá mọ ilé àwọn tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ ohun tí mò ń sọ: kí oòrùn tó wọ̀, oúnjẹ ọjọ́ kejì ti jinná, ilé ti mọ́, iṣẹ́ ti dúró. Mọ́mì mú ìgbálẹ̀ dé orí wáyà mi.

“Ta ló máa wá fẹsẹ̀ kọ́ èyí lọ́la? Àlejò ń bọ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn o.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ma, ó ku díẹ̀.”

“Oòrùn náà ló ku díẹ̀ yẹn.”

Ó tú wáyà náà, ó ká a sínú agbọ̀n, ó fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà. Mo lọ bá Dádì. Mo ní ṣé mo lè so wọ́n padà, kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wá ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó ní, “Ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná tó lọ jókòó, ta ló ń sè é?”

Inú bí mi. Lẹ́yìn náà inú bí mi pé inú bí mi, torí ilé onílé ni mo wà, wọn ò sì ṣe mí níkà kankan. Mo sùn pẹ̀lú ìrònú pé Ọjọ́ Ajé ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ṣófo, ọkàn mi kò sì ráyè sá. Láti Ọjọ́rú, ńṣe ni mò ń tẹ bọ́tìnì kan lẹ́yìn òmíràn láìronú. Ìgbà tí wọ́n gba bọ́tìnì lọ́wọ́ mi ni mo tó ronú kan ibì kan tí mo ti fojú fò lórí Macintosh, ibi tó ti lè gbé fáìlì síta bí ojú ewé Íńtánẹ́ẹ̀tì. Windows mọ bí a ti ń ka ojú ewé Íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò ní láti wọ inú àpò ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a ń jẹun, Dádì rọra sọ sí mi létí pé, “Ìwọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wáyà lò ń fà.”



Oòrùn wọ̀, a gbàdúrà ìparí Ọjọ́ Ìsinmi, mo sì ṣe “àmín” sáájú gbogbo wọn. Mo so wáyà padà, mo sì ṣí ibi tí mo rántí yẹn lórí Macintosh. Mo tẹ nọ́ńbà Macintosh sínú Windows, orúkọ àwọn orí ìwé náà sì tò jáde. Mo mú orí kìíní. Àmì rádaràda ló kún inú rẹ̀. Mo padà sí yàrá ìkàwé, mo tún un pamọ́ ní irú tí kọ̀ǹpútà méjèèjì lè kà, mo sì tún mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jáde nínú príńtà geerege. Mọ́mì gbé ojú ìwé kìíní sókè, ó kà á, ó ní, “Ọwọ́ ẹ ti fẹ́ bá ẹnu ẹ.”

Dádì fi bírò tún gbólóhùn méjì ṣe. Ó ní, “Ṣe èyí níbẹ̀ yẹn, kí o dá a padà sínú Macintosh.”

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀nà tí mo là kò ní àbọ̀. Windows lè mú. Kò lè dá padà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo fi wá a, mi ò rí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Dádì mú mi lọ. Ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo sọ pé fáìlì ń lọ, kò tíì máa bọ̀. Ó wo Dádì, ó wò mí. Ó ní kí n máa bọ̀ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, kí fáìlì máa lọ, kó sì máa bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á wá ẹlòmíì.

Mi ò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo tún lè gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú èyí rí, ṣé kí n wá bí Windows náà ṣe lè gbé fáìlì tirẹ̀ síta kí Macintosh wá mú un ni, àbí ètò kan wà tó lè jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa lo àpò kan náà? Èwo lẹ máa ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú?